Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ tí Mo Yàn fún Tájù

Ọmọbìnrin kan wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ dáífà. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán kọ̀ǹpútà mẹ́rin hàn mí, irú èyí tí dáífà ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago tó bá ń wọ inú omi lọ. Ó ní, "Bàbá, èwo nínú wọn ló dáa tí kò sì ní gbówó lórí?" Mo wo àwòrán náà títí. Ó rò pé ojú ló ń dùn mí, ó bá ń fi ìka méjì fẹ àwòrán náà sí i fún mi. Ojú kọ́ o jàre. Wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, mo dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Màá kọ́kọ́ sọ bí ìsàlẹ̀ omi ṣe rí fún yín, torí ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á kàn máa ra ohun tó ń dán ni.

Gàníyù ni orúkọ mi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀: SAP dé, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá wọn ta aṣọ kógbá wọlé, àbúrò ìyá mi bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùráímọ̀, dáífà àgbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní gbogbo èbúté Èkó. Tájù, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, kàn sìn mí lọ ni, torí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá wo èmi, ó wo Tájù, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ lọ́la." Tájù ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kàn sìn ín wá ni o." Ọ̀gá ní, "Ṣé mo bi ọ́?" Bí Tájù ṣe di dáífà nìyẹn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà kan.

Tí ẹ bá rò pé inú omi la ti kọ́ṣẹ́, ẹ ò mọ Ọ̀gá Bùráímọ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ní àgbàlá rẹ̀. Ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ dì wá lójú, ó ní ká máa tú ẹ̀rọ tí dáífà fi ń mí palẹ̀, ká sì máa tò ó padà. Nígbà míì á rọra yọ rọ́bà kékeré kan kúrò nínú rẹ̀, á sì dákẹ́. Tí o bá tò ó tán tí o ò mọ̀ pé rọ́bà kan ti dín, ẹgba á ba ẹ̀yìn rẹ. "O ti kú," ohun tó máa ń sọ nìyẹn. "Tún un tò." Èmi máa ń kú lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀meje lóòjọ́. Tájù kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́n ju tèmi lọ, kí n má parọ́.

Ìgbà tí a wá dénú omi ni mo rí ìdí tó fi ń dì wá lójú. Ọ̀sà Èkó ò rí bí èyí tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n, tí ẹja aláràbarà ń kọjá. Dúdú ni. O máa na ọwọ́ síwájú awò ojú rẹ, o ò ní rí i. Ọwọ́ lo máa fi ń wòran níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mò ń wá ẹ̀wọ̀n irin tó já bọ́ lábẹ́ èbúté kan ní Marina, ọwọ́ mi bá kan nǹkan rírọ̀ kan tó ní ìka márùn-ún. Mo dì í mú, ó sì dà bíi pé òun náà dì mí mú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àmọ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi àtẹni tí mi ò mọ̀ ti bọ ara wa lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Òkè orí mi gan-an nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń kọjá lọ pẹ̀lú táì lọ́rùn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Okùn la fi ń sọ̀rọ̀. Dáífà á so okùn mọ́ ìdí, ẹnì kejì á di orí okùn náà mú lókè. Tí ẹni tó wà lókè bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ń béèrè pé ṣé àlàáfíà lo wà. Ìwọ náà á fà á lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n tú okùn sílẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, gòkè wá kíákíá. Ọ̀gá Bùráímọ̀ wá ṣòfin méjì lé e lórí, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í tún wọn sọ.

Òfin kìíní: ẹni tó bá di okùn mú ló di aago mú. Kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Nítorí kí ni? Nítorí afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí nísàlẹ̀ máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Tí dáífà bá pẹ́ jù nísàlẹ̀ tó sì sáré gòkè, afẹ́fẹ́ náà á máa hó nínú ara rẹ̀ bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣí lójijì. Ó lè pa á. Ó lè rọ ọ́ lápá, rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ní páálí kan tó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí, bí ibẹ̀ ṣe jìn tó lápá kan, iye ìṣẹ́jú téèyàn lè lò lápá kejì. Ẹni tó wà lókè lá máa wo páálí, lá máa wo aago, torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò rí nǹkan kan.

Òfin kejì, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tó bá jẹ́ pé ilé ire la ti bí yín. Ṣebí ìyá yín ti sọ fún yín láti kékeré pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ yín tẹ́ ẹ ò sì rí ẹni tó pè yín, ẹ ò gbọdọ̀ dáhùn. Ọ̀gá ní, "Wọ́n á pè yín nísàlẹ̀ yẹn. Mi ò mọ ẹni tó ń pè, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Ohùn tó wù kẹ́ ẹ gbọ́, ẹ dúró sójú kan, ẹ má mira. Okùn nìkan ni kẹ́ ẹ dá lóhùn." Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ lásán ni. Nínú omi, èèyàn kì í mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìró ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ọkọ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Àmọ́ èyí tí mo gbọ́ kì í ṣe ẹ́ńjìnnì o. Abẹ́ ọkọ̀ ìkẹ́rù kan ni mo wà, mò ń gé okùn tó lọ́ mọ́ fáànù ìdí rẹ̀, ni ẹnì kan bá pè mí lẹ́yìn. "Gàní." Ó rọra pè é, bí ẹni tí kò fẹ́ dá mi níjì. Ara mi bù máṣọ. Mo di irin mú, mo pa ojú mi dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lajú ni o, mo dijú ni o, òkùnkùn kan náà ni. Ó tún pè é. Ó pẹ́ kí okùn tó fà mí lẹ́ẹ̀kan, mo sì dáhùn. Nígbà tí mo gòkè, mo bi Tájù pé ṣé òun ló pè mí, ó ní òun ò yanu sọ nǹkan kan. Ọ̀gá wò mí lójú, ó ní, "Ṣé o dáhùn?" Mo ní, "Rárá sà." Ó ní, "Ó dáa. Lọ jẹun." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí tó fi kú. Tájù gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe wọ èmi tí wọ́n pè lọ.

Bí a ṣe ń lo ọdún lórí iṣẹ́ ni irinṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà gígùn tó wà lẹ́nu wa, tí ẹ̀rọ yẹn bá wúkọ́, ìwọ náà á wúkọ́. Ìgbà tó yá, gbogbo èèyàn wá ń gbé sílíńdà pọ̀n sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà ọwọ́ dé, tó gba iṣẹ́ páálí àti iṣẹ́ aago ṣe pọ̀: á sọ bí ibi tó o wà ṣe jìn tó, á sọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún ọ, tí ìṣẹ́jú yẹn bá tán, á máa dún pí-pí-pí pé kó o máa gòkè. Ọ̀gá Bùráímọ̀ ti ń darúgbó nígbà yẹn, etí rẹ̀ kan ti di, ilé ló kù tó ń jókòó sí. Mo lọ ṣàlàyé kọ̀ǹpútà fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Tó bá ṣìṣe, ta ló máa nà án?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Iṣẹ́ wá gbé wa kúrò nínú ọ̀sà lọ sójú òkun. Òkú ọkọ̀ kan tó ti rì wà níta, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí kí wọ́n tó wọlé, a sì gbàṣẹ́ láti máa yọ irin rẹ̀. Ibẹ̀ jìn tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn òyìnbó tó gbéṣẹ́ fún wa ní dáífà tí kò bá ní kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ wa, ẹyọ kan ló lè rà, òun náà sì ni pẹ̀lú ìnira. Tájù ló máa wọnú omi, èmi ni màá di okùn mú, torí imú mi ti ń dà mí láàmú.

Ọkùnrin kan wà ní òpópó kan lẹ́yìn Tinúbú tó ń ta ẹrù tó bá tinú ọkọ̀ ojú omi jáde. Ó gbé kọ̀ǹpútà méjì kalẹ̀. Tuntun ni ọ̀kan, ó kéré, ó burẹ́wà, bọ́tìnnì ẹyọ kan ló ní, nọ́ńbà mẹ́ta péré ló ń jáde lójú rẹ̀, àmọ́ wọ́n tóbi. Èèyàn lè fi kọ́bọ̀ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kó pààrọ̀ bátìrì fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni èkejì, ó tóbi bí abọ́ ọṣẹ, dígí rẹ̀ ń dán, ó lè rántí gbogbo ìgbà tó ti wọnú omi, ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n á gbé e lọ tí bátìrì rẹ̀ bá tán. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tájù gbé tuntun náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Gàní, èyí tó rọrùn yìí tó wa." Mo ní, "Ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa fi wá rẹ́rìn-ín ni?" Ó ní òun ò gbọ́ òyìnbó nísàlẹ̀ omi. Èmi ni mo pariwo, èmi ni mo borí. A gbé tòkunbọ̀.

Ohun kan wà lára rẹ̀ tó yẹ kó dá mi dúró. Ara rẹ̀ dán, kò ní àpá kankan, àmọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ ti gé. Kì í ṣe pé ó já o. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdè rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe dì í. Mo bi oníṣọ́ọ̀bù, ó ní bí òun ṣe rà á nìyẹn. A gé rọ́bà túùbù, a fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Tájù wá bá mi lójú ọ̀nà ilé wa, ó ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà náà. Ó ní, "Gàní, wo ohun tó ń rántí." Mo wò ó. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti wọnú omi wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó kẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó igba ẹsẹ̀ bàtà, ìṣẹ́jú rẹ̀ sì lé ní wákàtí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni òǹkà kọ̀ǹpútà náà mọ, kò lè ka jù bẹ́ẹ̀.

Tájù ní, "Sílíńdà wo ló ń gbé èèyàn fún wákàtí mẹ́ta ní irú ibẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Bóyá wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀ láti fi wọn omi."

"Ta ló wá gé bẹ́líìtì rẹ̀?"

 Ó gbé nǹkan náà lé orúnkún rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ni ín ò gòkè, Gàní."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Sìdí, ìyàwó Tájù, fi wá bá mi, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tájù ti gbàgbé kọ̀ǹpútà náà sínú àpò ṣòkòtò, Sìdí ò mọ̀, ó rẹ aṣọ sínú báàfù. Ó ní, "Bọ̀dá Gàní, nǹkan yẹn pariwo nínú omi ọṣẹ. Ó ní pí. Mo rò pé ẹyẹ ni. Mo gbé aṣọ sókè, ó tún ní pí." Mo ṣàlàyé fún un pé irin kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí omi bá ti kàn wọ́n, ó máa ń jí fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Tájù sọ ohun tó rí nínú rẹ̀ fún mi. Nǹkan òkú ni. Ẹ bá mi dá a padà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ yàn án." Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Sìdí, fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọwọ́ mi ni okùn ọkọ rẹ máa ń wà. Kò sí ohun tó máa ṣe é tí mo bá wà lókè." Ó nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin ni mo mú o." Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Omi òkun mọ́ ju ti ọ̀sà lọ. Tájù á wọlé, á máa wo ojú kọ̀ǹpútà náà, á gòkè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Iṣẹ́ ń lọ. Ọkàn èmi náà bá balẹ̀ jù. Mo kọ́kọ́ kó páálí sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà mo bọ́ aago sápò. Ìgbà tó yá ilé ni mò ń gbé e sí. Kọ̀ǹpútà ṣáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ máa ka ìṣẹ́jú fún? Mo wá ń jókòó. Mo wá ń jẹun. Ẹ ò rí i, kò sẹ́ni tó máa nà mí mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òkun dákẹ́. Kò sí ìgbì, kò sí atẹ́gùn, ojú omi ń dán bí epo. Awakọ̀ wa tan rédíò, ìròyìn aago mẹ́wàá ń bẹ̀rẹ̀ bí Tájù ṣe ń wọnú omi pẹ̀lú sílíńdà méjì lẹ́yìn. Páálí ní kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ níbẹ̀. Awakọ̀ ń sọ ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lọ́jọ́ Sátidé, èmi ń dá a lóhùn, búrẹ́dì òun àkàrà wà lọ́wọ́ mi kan, okùn wà lọ́wọ́ kejì. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan, Tájù dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo tún fà á nígbà tó yá, ó dáhùn. Àlàáfíà ni.

Mo wá ń wo èéhó omi tó ń tinú èémí rẹ̀ bọ̀ sókè. Ojú kan náà ló ti ń jáde. Ó pẹ́ tó ti ń jáde níbẹ̀, bíi ti ẹni tó jókòó. Mo ní, "Awakọ̀, aago mélòó lù?" Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí mọ́kànlá lù." Àkàrà bọ́ lẹ́nu mi. Tájù ti lo àádọ́ta ìṣẹ́jú nísàlẹ̀. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kíákíá, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí okùn tẹ́lẹ̀. Àmọ́ atẹ́gùn inú sílíńdà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò lè dúró díẹ̀díẹ̀ lọ́nà kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde. Ó jáde gììrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a fà á wọlé, kọ̀ǹpútà náà sì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀ láìdákẹ́, pí-pí-pí-pí, lórí omi tó parọ́rọ́ yẹn.

Tájù yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Ọlọ́run ni mo fi búra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Gàní, ó pè mí o. Inú yàrá ọkọ̀ ni mo wà, ẹrẹ̀ bò mí lójú, mi ò rí ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Ó ń pè ṣáá. Mi ò mira. Mi ò dá a lóhùn."

Mo pariwo, "Tájù! Kọ̀ǹpútà ló ń dún, ó ní kó o máa gòkè ni!"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Gàní, ta ló jókòó lé mi lẹ́sẹ̀?"

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Lá ìláhà ìlà Lláhù. Mo fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà, mo gbá a, mo já a léèékánná, kò mọ̀ ọ́n.

Yàrá irin kan wà tí wọ́n ti máa ń fi atẹ́gùn tó le tọ́jú irú àìsàn yẹn, ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, ọ̀sán pọ́n kí a tó débẹ̀. Wọ́n tì í mọ́ inú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mò ń wò ó láti ojú fèrèsé dígí kékeré kan, ó dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mira, ó ń ṣàdúrà. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún padà díẹ̀, ti òsì ò padà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni.

Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló dá kọ̀ǹpútà náà lẹ́bi. Wọ́n ní òkú tó ni ín ló fẹ́ mú Tájù ṣe ẹnì kejì. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀gá Bùráímọ̀ fi ọ̀pá wá, ó kí Sìdí, ó ṣàdúrà fún Tájù, ó wá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò béèrè kọ̀ǹpútà rárá. Ó ní, "Ta ló di aago mú?" Mo ní, "Èmi ni sà." Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa." Ó jáde lọ, kò sì tún bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Sìdí fi aṣọ funfun di nǹkan náà, ó ní kí n sin òun lọ sí Marina. Nígbà tí a débẹ̀, ó tú aṣọ náà, ó ju kọ̀ǹpútà sínú ọ̀sà. Bí omi ṣe kàn án, ó jí. Mo gbọ́ ọ, Sìdí náà gbọ́ ọ: pí. Ó ń dún lọ sísàlẹ̀ títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Sìdí di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Gàní. Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ wà lókè lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti di opó." Mo ní àmín.

Mo ṣiṣẹ́ náà fún ọdún púpọ̀ sí i. Mo padà lọ ra irú tuntun kékeré tó burẹ́wà yẹn, òun náà ni mo lò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn mi fún ọmọbìnrin yẹn kò gùn: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù, tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá kéré jù níye, tó o lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ nílé. Má ra tòkunbọ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á tán, kí ẹni tó máa lò ó àti ẹni tó máa di okùn mú jọ wọnú omi tí kò jìn, kí wọ́n jẹ́ kó dún létí àwọn méjèèjì, kí wọ́n lè mọ ohùn rẹ̀. Èmi ò ṣe ìyẹn fún Tájù rí. Kí ẹni tó wà lókè sì máa wo aago rẹ̀, bí ẹni pé kò sí kọ̀ǹpútà láyé.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó lè sọ òótọ́ fún Tájù. Rédíò ni Tájù ń tún ṣe níwájú ilé wọn, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì wà lára ògiri. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.  Mo ní, "Tájù, lọ́jọ́ yẹn, aago ò sí lọ́wọ́ mi. Ilé ni mo gbé e sí. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó gbé irin tó fi ń jó wáyà kalẹ̀. "Gàní, mi ò gọ̀. Nígbà tí nǹkan yẹn ń dún, mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé àkókò ló tó. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ni àbí ẹni tó ni ín ló ń pè mí. Mo wá sọ fún ara mi pé, tó bá jẹ́ àkókò ló tó lóòótọ́, Gàní wà lókè, Gàní á fà mí." Ó wò mí nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ò le. Ó ní, "Mo bá di okùn mú, mò ń dúró dè ọ́."